Aránbàtà Tí Bàtà Ń Ta Lẹ́sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ dàrú: ọkọ mi kì í ṣe wèrè. Òótọ́ ni pé ó ní kí gbogbo ará ilé wọ bàtà rẹ̀ yí pálọ̀ po lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá mi, àgbàlagbà tó wá kí wa jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó bá ọkùnrin tó ń ta awọ fún un jà nítorí awọ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Òótọ́ sì ni pé páálí kan bá wa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀ náà, kì í ṣe wèrè. Aránbàtà ni. Bí ẹ bá ti bá aránbàtà gbélé rí, ẹ ó mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan.

Kò-há-kò-ta ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé bàtà tí òun bá rán kì í há mọ́ èèyàn, kì í sì í ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa á lówe níwájú rẹ̀ pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ọkọ mi á kọ́kọ́ yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, á wá ní, "Onítọ̀hún ò tíì ra bàtà lọ́wọ́ mi ni." Ẹ ò rí i pé ìgbéraga ni? Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, bàtà rẹ̀ dáa. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà, àwọn tó ń fi òwúrọ̀ dúró tí wọ́n ń fi ìrọ̀lẹ́ dúró, bàtà rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránbàtà àti àwọn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn. Apá òsì ni tèmi, pẹ̀lú tábìlì àti áyọ́ọ̀nù, nítorí alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ àwọn oníbàárà mi kì í yé rùn gọ́ọ̀mù, bàtà àwọn oníbàárà tirẹ̀ sì máa ń rùn ọṣẹ. Orí ìyẹn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjà láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wá lára. Mi ò kì í fi "ìwọ" pe ọkọ mi o, wọ́n kọ́ mi nílé. "Ẹ" ni mo máa ń fi bú u. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí.

Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń bá a gbé bí àlejò tó ní òun fẹ́ sun ọjọ́ méjì tí kò lọ mọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀ nígbà tó bá rántí, ó sì ń jẹ dídùn nígbà tí mo bá kẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mò ń lọ ṣòkòtò kan lọ́wọ́. Mo ṣíjú wò ó, mo rí i tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tó ń fi ìka tọ́ ọ kiri.

"Kí lẹ ń wá?"

"Ìṣó ni. Ìṣó kan wà nínú bàtà yìí tó ń gún mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀."

Ó wá a títí, kò rí i. Ó fi ọ̀bẹ ṣí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà, ó tú u palẹ̀ bí ẹni ń pa ẹran, kò rí ìṣó. Ó rán òmíràn, èyí tó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ó ní ti èyí kì í ṣe ìṣó mọ́, iná ni, pé ó ń jó òun látẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Ó rán ẹ̀kẹta. Ó ní èyí ń gbé òun bí iná mànàmáná, á gbé òun gìrì, á tún fi òun sílẹ̀. Mo ní ṣé bàtà náà ló so mọ́ wáyà ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti fura, nítorí ọkọ mi kì í jẹ́ kí àwàdà kọjá lásán.

Nígbà tí kò rí ẹ̀bi nínú ìránbàtà, ó ní awọ ni kò dáa. Ló bá kó bàtà sábẹ́ abíyá, ó di ilé aláwọ. Mo tẹ̀ lé e kí wọ́n má baà pa ara wọn. Aláwọ yìí, ọkùnrin bàǹtàbanta tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, jókòó sórí ìdì awọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ bàtà náà, ó tì í bọ̀ ọ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́.

Ó ní, "Kò-há-kò-ta, awọ yìí dára ju awọ ojú mi lọ."

"Oògùn tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ló ń jó mi lẹ́sẹ̀!"

"Jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ náà."

Ọkọ mi na ẹsẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò wú, kò pọ́n, kò bó. Aláwọ wò ó lọ wò ó bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká ní òun ní ẹsẹ̀ tó rẹwà báyìí, òun kì bá má wọ bàtà rárá. Wàhálà ìrora yẹn gan-an nìyí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n á bá a kẹ́dùn. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Ti ọkọ mi, kò sí ohun tí ojú rí, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Ọ̀rọ̀ di ariwo, awọ ń fò káàkiri, èmi ni mo là wọ́n.

Ìgbà tá a délé ló pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó ní ká bá òun wọ bàtà náà ká sọ òótọ́. Èmi wọ̀ ọ́, ó dà bíi kí ọmọdé wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ wa obìnrin wọ̀ ọ́, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ló bá yíjú sí ìyá mi, ó kúnlẹ̀ fún un o, ọkùnrin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi wọ̀ ọ́." Màmá mi wọ̀ ọ́, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ yí àga po, wọ́n jókòó.

"Ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀ gan-an. Ṣé kí n máa mú un lọ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó mú bàtà náà, ó nu ún, ó ní, "Ẹ ń fi ojú àánú wò mí ni. Ọwọ́ mi ti bà jẹ́. Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi lójú."

Àwàdà ni mo kọ́kọ́ pè é. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kó wọn ẹsẹ̀ òun, ọkọ mi ní òun ò gba iṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà rò pé ó bínú sí òun ni, ó ń bẹ̀ ẹ́ láìmọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo débi iṣẹ́, mo bá ọkùnrin àjèjì kan tó ń yí àgbá ẹ̀rọ ìránbàtà wa wò. Ọkọ mi fẹ́ tà á! Ẹ̀rọ tá a fi tọ́ ọmọ! Ẹ̀rọ tó ti mọ ohùn mi! Mo lé ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ní òun á padà wá lọ́la, nítorí ọkọ mi ti bá òun sọ̀rọ̀ parí.

Mo bínú débi pé áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ yìí lẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ fi bàtà sílẹ̀."

"Ẹ̀gbin wo nìyẹn? Kí aránbàtà lọ bá dókítà pé bàtà tí òun fọwọ́ ara òun rán ń ta òun lẹ́sẹ̀? Àwọn nọ́ọ̀sì tó wọ bàtà mi ńkọ́? Kí wọ́n bọ́ ọ jù sí mi?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin yìí ń lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò nílé ìwòsàn yẹn o. Bí wọ́n bá bi í pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" á ní, "Ó le bí irin." Á na tàntàn kọjá lójú àwọn nọ́ọ̀sì bíi ṣọ́jà, ó di ẹ̀yìn ògiri kó tó di ẹsẹ̀ náà mú. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó fi àáké kọ́rí.

Ti páálí yẹn ńkọ́? Ó dé ibi pé tí a bá sùn, aṣọ ìbora, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fọ̀ tí mo lọ̀, ó ní bó bá kan òun lẹ́sẹ̀, bí ọ̀bẹ ló ń rí. Ló bá gé ìdí páálí kan, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó fi aṣọ bo páálí. Mo ní, "Ẹ dákun, bàtà wo lẹ wọ̀ wá sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń ta yín?" Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní, "Èyí tó ṣẹ́kù lára ti ọ̀sán ni."

Aláwọ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn, láìmọ̀. Wọ́n ti parí ìjà, àánú sì ṣe é, ló bá ní kí ọkọ mi máa fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná. Lọ́jọ́ tí mo lé ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ gan-an, ọkọ mi gbé báàfù sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi, ó ń lu ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kan tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bá mi bu omi kún un látinú kẹ́tùlù yẹn. Kò gbóná tó." Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Mo ti ìka kan bọ̀ ọ́.

Yéè! Èmi tí áyọ́ọ̀nù ti sọ ọwọ́ mi di awọ, mo já ọwọ́ mi gbà, mo fò sẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé aṣọ oníbàárà. Ọkọ mi sì wà níbẹ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́nu bí ẹni jókòó létí odò.

"Ẹ yọ ẹsẹ̀! Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀!"

"Kí ló dé? Kò mà gbóná."

Mo da omi náà nù sójú pópó. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún pe ẹsẹ̀, á sá, mo bá gba ọ̀nà ibòmíràn. Mo ní, "Ó dáa. Lọ́la lẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ. Kí ẹ tó tà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí dájọ́ bàtà yìí. Dókítà tuntun ti dé sílé ìwòsàn. Kò wọ bàtà yín rí, kò ní í ṣe ojúsàájú fún yín. Ẹ kó bàtà lọ bá a. Bó bá ní bàtà ló jẹ̀bi, èmi fúnra mi á bá yín gbé ẹ̀rọ náà sọ́kọ̀."

Ó rò ó. Ó ní, "Ìdájọ́ òdodo?"

"Ìdájọ́ òdodo."

Bó ṣe di pé a wọ ilé ìwòsàn nìyẹn, pẹ̀lú àpò tó kún fún bàtà. Dókítà náà, obìnrin tó kéré sí ọmọ wa àgbà, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ló gbà wá. Ọkọ mi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì da bàtà sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, gbìràmù.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, Dókítà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́: èyí ń gún, èyí ń jó, èyí ń gbéni bí iná. Mo rò pé ọmọ náà á lé wa jáde. Kò lé wa. Ó mú bàtà kọ̀ọ̀kan, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tẹ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan lára àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹnì kejì nínú ẹjọ́ náà. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀."

Bó ṣe bọ́ ọ, mo pariwo. Ara ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lé ròrò, ó kún fún omi, ẹ̀gbẹ́ kan ti bẹ́, ti òsì sì pọ́n. Dókítà béèrè ìgbà tí iná jó o. Ọkọ mi ní, "Iná kankan ò jó mi o." Òun náà tẹ̀ ba, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni rí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Èmi ni mo sọ ti báàfù.

Dókítà fa ọ̀pá kékeré kan yọ, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Ó ní kí ọkọ mi dijú, nígbàkígbà tí okùn náà bá kàn án lẹ́sẹ̀, kó ní, "Ó kàn mí." Ọkọ mi dijú. Dókítà fi okùn tẹ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i tí okùn náà tẹ̀ kọrọdọ. Ọkọ mi dákẹ́. Ó tẹ àtàǹpàkò. Ó dákẹ́. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ gìgísẹ̀, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, ó tẹ̀ ẹ́ yí ká. Ọkọ mi rọra húkọ́, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó fi ọ̀wọ̀ ní, "Dókítà, mo ti ṣetán o. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Mo di etí aṣọ mi mú.

Ìgbà tí okùn náà gòkè dé òkè ọrùn ẹsẹ̀ ló tó ní, "Ó kàn mí!" tayọ̀tayọ̀, bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn.

Dókítà ní kó lajú. Ó ṣàlàyé fún wa pé ṣúgà tó ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti ba àwọn iṣan jẹ́, àwọn tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọkọ mi ní, "Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, báwo ló ṣe tún ń pariwo iná?" Dókítà ní, "Iṣan tó bà jẹ́ ló ń purọ́ fún yín, Bàbá. Níbi tí iná ò sí, á ní iná ń jó. Níbi tí iná wà lóòótọ́, á panu mọ́. Ìrora yín kì í ṣe irọ́ o. Ó ń dùn yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ti inú bàtà wá."

"Bàtà ńkọ́?"

"Bàtà ò jẹ̀bi."

Háà! Ọkọ mi dìde fìrì, ẹsẹ̀ lásán, ó yọ orí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé! Bàtà mi ò jẹ̀bi! Dókítà ti dá a láre!" Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà yọjú, ọkọ mi ní kó gbé ẹsẹ̀ wá kí òun wọ̀n ọ́n níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pé òun ò ta ẹ̀rọ kankan mọ́. Dókítà ń pariwo pé kó jókòó, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́ láyé. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ, ó ń jó!

Wọ́n wẹ egbò náà, wọ́n dì í. Dókítà kọ oògùn ìrora fún un, ó ní kò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé ó máa dín in kù, kò dájú pé ó máa tán pátápátá. Kó so ṣúgà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má ṣe fi ẹsẹ̀ sómi gbígbóná mọ́, kí èmi àti òun máa yẹ ẹsẹ̀ náà wò lójoojúmọ́. Mo la etí sílẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kejì ò gbọ́.

A wọ bọ́ọ̀sì padà. Àpò bàtà wà lórí itan rẹ̀, ó ń sọ fún ọkùnrin tó jókòó níwájú wa pé òun ló rán wọn, pé dókítà fọwọ́ sí wọn. Ọkùnrin yẹn bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi yọ bàtà kan nínú àpò, ó ń fi ìka tọ ojú ìrán rẹ̀ lọ.

"Ìyá àwọn ọmọ."

"Mo wà níbí."

"Ká ní bàtà ni, ǹ bá tún un rán. Kò sí bàtà tí mi ò lè tú kí n tún un rán." Ó gbé e padà sínú àpò. "Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa bá mi tú u rán?"

Mo fẹ́ sọ pé á dáa, pé Ọlọ́run ń bẹ. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yìí wá, ti bàtà lẹ ń sọ fún mi. Ẹ sọ ti ẹsẹ̀."

Ó wo ojú fèrèsé títí. Ó ní, "Ó ń dùn mí." Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Ó ń dùn mí gan-an ni."

Bó ṣe ṣí i báyìí, kò lè dá a dúró mọ́. Ó sọ pé tóun bá ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba òun bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ní ìgbà kan wà tóun jókòó sí ilé ìwẹ̀, tóun ṣí omi sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ ẹkún òun. Ó ní òun ti ń rò ó pé bóyá orí òun ni kò pé, torí kò sẹ́ni tó rí nǹkan tóun ń rí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mò ń sunkún, mo sì rí i pé a ti dé ìyànà wa. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ pariwo orúkọ ìyànà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ò gbọ́, ó ń sọ ti ìka ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́. Mo rí ilé wa tó kọjá lójú fèrèsé.

Mi ò pe awakọ̀ dúró. Mo ní, "Mò ń gbọ́ yín. Ẹ máa sọ ọ́."